Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Fún Ẹni Tí Yàrá Rẹ̀ Kò Fẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣùgbọ́n àwa ará ìlú ńlá, tí a ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan ní Èkó àti ní Ìbàdàn, iná tí a ń fi sílẹ̀ sùn kò tilẹ̀ jìnnà tó òrùlé; ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí wa gan-an ni ó ń jó sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, nítorí ohun tí ojú àwa tìkára wa rí nígbà ọyẹ́ tí ó kọjá.

Ní òru ọjọ́ náà, iná ẹlẹ́tíríìkì ti lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. A ní ìwé ìṣirò kan láti yẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó mọ́. A sì lẹ àbẹ́là kan mọ́ orí àpótí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, nítorí kò sí àyè tí a lè gbé tábìlì sí. Oorun gbé wa lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé, ó gbé etí àwọ̀n ẹ̀fọn lé iná náà lórí. Igbe aya wa ni ó jí wa. Aṣọ ìbora ni ó fi lu iná náà pa. Ọmọ wa kékeré, tí ó sùn lápá ògiri, kò tilẹ̀ jí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀n náà ti yọ́ títí dé ibi tí kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ sí orí rẹ̀. A jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, a kò sì lè wo ojú ara wa.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wádìí ọ̀nà tí ẹni tí kò ní àyè lè gbà ní ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láìsí ewu. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Yàrá tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, bí a bá pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà 100, ibùsùn ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 4½ yóò gba 27 nínú rẹ̀. Bí a bá tún yọ ti àpótí aṣọ, àga, ìkòkò omi àti ẹrù ọjà kúrò, ohun tí ó kù kò ju ibi tí ènìyàn yóò gbé ẹsẹ̀ sí lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí iná tún wá àyè sí orí ilẹ̀. Ògiri, àjà àti orí ibùsùn fúnra rẹ̀ ni kí ó lọ.

Èkíní ni iná tí a ń kàn mọ́ ògiri. Òmíràn wà tí ó ní okùn tirẹ̀ tí a ń kì bọ ihò iná, tí kò sì béèrè pé kí a dá ògiri onílé lu. Kí a kàn án sókè díẹ̀ ju èjìká ẹni tí ó jókòó lórí ibùsùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ìwé, kí ó má sì gún ojú. Èyí tí apá rẹ̀ ṣe é ká mọ́ ògiri ni ó dára jù. Ọ̀gbẹ́ni George Carwardine, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àtùpà kan jáde ní 1932, tí apá rẹ̀ ń tẹ̀ bí apá ènìyàn, tí ó sì ń dúró níbi tí a bá fi í sí.

Èkejì ni iná kékeré tí ó ní ẹnu bí èmú, tí a fi ń há orí ibùsùn. Bí a bá ń kó kúrò nílé, a ó mú un dání. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a ń so rọ̀ láti àjà. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó so ó, kí onílé sì gbọ́ sí i. Ẹ̀kẹrin ni fìtílà oníbátìrì, tí iná ilé tàbí oòrùn ń fún ní agbára, tí a ń fi kọ́ ìṣó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sórí ibùsùn nígbà tí ó bá ń gba iná, nítorí bátìrì tí a bò mọ́lẹ̀ lè gbóná títí yóò fi gbiná.

Ní ti gílóòbù, LED ni kí a rà. Gílóòbù ayé àtijọ́ a máa sọ ohun tí ó ju 90 lọ nínú 100 agbára tí ó ń jẹ di ooru lásán. LED wáàtì 9 a sì máa tàn tó wáàtì 60 ti àtijọ́. Fún ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wáàtì 3 sí 5 tó. Akasaki, Amano àti Nakamura, tí a bí ní Japan, ni iṣẹ́ wọn mú kí LED funfun ṣe é ṣe, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2014. Kí a sì wo ara páálí kí a tó sanwó: 2700K ni ìmọ́lẹ̀ pípọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ó bá oorun mu; 6500K funfun bí ọ̀sán gangan, a sì máa lé oorun lọ.

Ẹni tí kò bá tíì lè ra nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó gbé àbẹ́là rẹ̀ sínú àwo tí a bu iyanrìn sí, kí ó jìnnà sí àwọ̀n àti aṣọ, kí ó sì pa á kí ó tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Ní ilé tiwa, iná kékeré kan wà lára ògiri, fìtílà oníbátìrì sì wà lórí ìṣó fún ìgbà tí iná bá lọ. Owó méjèèjì kò tó owó ibùsùn kan. A ti gbé àpótí náà kúrò. Ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni ọmọ náà ń tẹ́ ẹní sí, tí ó ń kàwé rẹ̀. Bí ó bá ti parí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pa iná.

Ó dàárọ̀ o.