Òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, oró inú irin kò yí padà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irin àlòkù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Èròjà olóró wà nínú àwọn ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kan. Ìtànṣán rẹ̀ kò ṣeé fojú rí. Ọ̀kan ni Cesium-137, tó ń fi nǹkan bí ọdún 30 dín sí ìdajì.

Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní bí ayé ṣe ń sún mọ́ oòrùn tó sì ń jìnnà sí i lọ́dọọdún ń yí ìdínkù irú èròjà bẹ́ẹ̀ padà díẹ̀. Lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kò rí i bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kò sí àsìkò tó ń rọ̀ ọ́. Lọ́dún 1987, èèyàn mẹ́rin kú ní Goiânia, nílẹ̀ Brazil, lẹ́yìn tí wọ́n tú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tà fún oníṣòwò irin àlòkù. Bí ẹ bá rí àmì bíi fáànù alápá mẹ́ta lára irin, ẹ má tú u. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì ké sí ìjọba.