Òótọ́ àbí irọ́? Màmá tó ń ṣarán nínú fíìmù

Bí arúgbó bá ti ń gbàgbé nǹkan nínú fíìmù àgbéléwò wa, òǹwòran ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: wòlíì á dé, màmá á kà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Tí ìdílé Yorùbá kan ní Sókótó bá wo irú rẹ̀ tán, ojú wo ni wọ́n á fi wo ìyá tó wà nínú yàrá?

Màmá tó ń sọ kántankàntan, àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́.
Irọ́ gbuu. Àrùn ló ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Nínú àrùn Alzheimer, ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ: màmá á jẹun tán, á ní wọn ò fún òun lóúnjẹ. Oríṣi àrùn ìgbàgbé mìíràn wà tó ń jẹ́ kéèyàn rí ọmọdé tàbí ẹranko tí kò sí nínú yàrá. Ara ẹlòmíràn kì í balẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Á ní òun fẹ́ lọ sílé, ilé náà ló sì jókòó sí. Kí èrò wá yí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ká, kí wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo pa ọkọ rẹ?" "Bẹ́ẹ̀ ni" lè bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kó kàn lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó kọ irú ìran yẹn, tó ní òun ń kọ́ àwùjọ lẹ́kọ̀ọ́, ó yẹ kó tijú.

Àrùn òyìnbó ni.
Irọ́, ṣùgbọ́n ó níbi tó ti wá. Fíìmù The Father tó dá lórí àrùn yìí, tí Anthony Hopkins fi gba Oscar ní 2021, òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Solomon Carter Fuller, tí wọ́n bí ní Monrovia, ní Làìbéríà, ní 1872, wà lára àwọn dókítà tó bá Alois Alzheimer fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Láti 1992 ni àwọn olùwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà sì ti ń wọ ilé dé ilé ní àdúgbò Ìdíkàn, ní Ìbàdàn. Èsì wọn jáde ní 2001: nínú 100 àgbà tó ti pé ẹni ọdún 65, ìdá 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, ìdá 3.24 láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ó kéré níbí. Kì í ṣe pé kò sí.

Màmá kórìíra ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ Haúsá, kò dá a lóhùn mọ́.
Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ná ọjà Sókótó fún ọgbọ̀n ọdún lè gbọ́ Haúsá dunjú; tí àrùn yìí bá dé, èdè tó kọ́ gbẹ̀yìn lè ṣáájú lọ. Ìyàwó ní, "Mama, ga ruwa," màmá kàn ń wò ó. Ọmọ ní, "Omi rèé, Màmá," ó gba ife. Eré ìdílé tó kún nìyẹn, a ò sì rí i wò. Àwọn ará Íńdíà, tí fíìmù wọn ti pẹ́ nílẹ̀ Haúsá, ti gbìyànjú: nínú Black (2005), Amitabh Bachchan ni olùkọ́ tó gbàgbé ohun gbogbo, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, ló padà ń kọ́ ọ.

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, kì í rẹ̀ ẹ́.
Nínú fíìmù nìkan. Ẹni tó ń ti géètì lóru kí màmá má baà sọ nù, tó ń dáhùn ìbéèrè kan náà nígbà ogún, á jágbe lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ ìyẹn náà sínú eré. Àwọn ọmọkùnrin ilé dà, ẹ jọ̀ọ́?

Kò sóhun tí dókítà lè ṣe.
Irọ́. Oògùn tó ń wo Alzheimer sàn kò tíì sí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìtó fítámì B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tàbí àwọn oògùn kan lè sọ èèyàn di ẹni tó dà bíi pé ó ń ṣarán, ìyẹn sì ní ìtọ́jú. Kò dìgbà tí wọ́n bá gbé màmá lọ sí Èkó: ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kware nítòsí, ilé ìwòsàn Yunifásítì Usmanu Danfodiyo sì wà ní Sókótó gan-an. Kí ẹni tó ń bá màmá gbé ló bá a lọ, kó sì kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo.