ÀGA ỌMỌ NÍNÚ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́: BẸ́LÍÌTÌ NI ONÍDÙÚRÓ RẸ̀

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ orí ọmọ náà ni a mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọjà. Inú mọ́tò ni.

Ní ìgbà kan tí a lọ yẹ ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wò, ilẹ̀ ti ń ṣú kí a tó parí iṣẹ́. Ìwé wọn mọ́; kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Akápò ẹgbẹ́ náà, ìyá àgbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Akápò, ní kí a jẹ́ kí òun gbé wa dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ Toyota kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 30 ọdún ni Màmá ń wà. A rí àga ọmọdé kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, èyí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. A fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í. Àga náà sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó bá yín de àga yìí?”

“Ọmọ mi ọkùnrin ni, Ọ̀gá alábẹ̀wò. Ó ní ọkọ̀ yìí ti gbó jù, pé kò ní irin tí wọ́n ń fi àga náà kọ́, ni ó bá kàn gbé e lé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àga náà dára o; owó gidi ni a fi rà á.”

Òótọ́ ni Màmá sọ, àga náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é nínú ẹgbẹ́: bí ó ti wù kí ẹni tí ó fẹ́ yá owó níyì tó, a ó béèrè onídùúró rẹ̀. Àga ọmọ ni ẹni tí ó yá owó. Bẹ́líìtì ọkọ̀ ni onídùúró. Ní ọjọ́ tí jàǹbá bá dé, onídùúró ni a ó mú.

Ojú kò tì wá láti sọ pé àwa náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a fi bẹ́líìtì de àga ọmọ wa, a gbọ́ tí ó ró “kọ́”, ọkàn wa sì balẹ̀. A kò fà á wò. Ewúrẹ́ kan já sí títì, a tẹ búréèkì lójijì, àga náà sì yí pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀. Ẹnu ọmọ náà lu ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, ètè rẹ̀ sì bẹ́. A dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eré tí a ń sá kò ju ti inú ìlú lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí.

ÌDÍ TÍ ỌWỌ́ ÀTI Ọ̀JÁ KÒ FI TÓ

Àwọn kan yóò sọ pé, “Ṣebí orí itan ìyá wa ni wọ́n gbé àwa náà sí, a kò sì kú.” Àwọn tí ó kú kò sí níbí láti dáhùn ni. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ó sì kọlu nǹkan tí ó dúró, ọkọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń bá eré náà lọ. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i dà bí kí ó jábọ́ láti ibi tí ó ga tó mítà 10, bí òkè ilé alájà mẹ́ta. Ọmọ tí ó wúwo ní kìlógíráàmù 10 yóò fà bí ohun tí ó wúwo tó nǹkan bí 300 kìlógíráàmù ní ìṣẹ́jú àáyá náà. Àpò sìmẹ́ńtì 6 nìyẹn. Ta ni nínú wa tí yóò fi ọwọ́ di àpò sìmẹ́ńtì 6 mú?

Ìyá tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn tí ó sì jókòó nínú mọ́tò, ara rẹ̀ ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ ìjókòó. Ẹni tí ó gbé ọmọ sí itan tí ó fi bẹ́líìtì kan de ara wọn pọ̀, òun ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Ọ̀já ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kọ́.

Bẹ́líìtì nìkan náà kò tó fún ọmọ kékeré. Bẹ́líìtì tí ó gba ejìká àti itan kọjá, èyí tí Nils Bohlin ṣe fún ilé-iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959, ara àgbàlagbà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lára ọmọdé, ọrùn àti ikùn ni ó máa ń gbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àga sí àárín. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àga ọmọ ń dín ikú kù ní ìdá 71 nínú 100 fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, àti ìdá 54 nínú 100 fún ọmọ ọdún 1 sí 4.

OHUN TÍ Ó YÀTỌ̀ NÍNÚ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́

Irin tí ọmọ Màmá ń wí ni àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ISOFIX, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń pè ní LATCH. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni òfin Amẹ́ríkà mú un ní dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun wọn. Nítorí náà, tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà náà lè má ní i. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé a kò lè de àga mọ́ ọn. Àga tí a fi bẹ́líìtì dè dáadáa kò rẹlẹ̀ sí èyí tí a fi irin kọ́.

Ẹ wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ lára ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣáájú òpin ọdún 1989, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì itan nìkan ni ó wà lẹ́yìn. Bí ó bá ṣáájú oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, bẹ́líìtì ẹ̀yìn lè má ní ìdè tí ó ń di àga mú pinpin. Ní ti Peugeot 504 àti Volkswagen ìjàpá tí ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní bẹ́líìtì lẹ́yìn rárá.

Ẹ YẸ BẸ́LÍÌTÌ WÒ KÍ Ẹ TÓ RA ÀGA

Èkínní: ẹ wá a rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tí ń rán aṣọ ìjókòó máa ń bo ẹnu bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, tàbí kí ó ti wọ abẹ́ tìmùtìmù lọ.

Èkejì: ẹ fi ọwọ́ tọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀. Bí ó bá ya, tí etí rẹ̀ ń tú, tàbí tí oòrùn ti pa á láwọ̀ dà tí ó sì ti gan, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Èyí tí télọ̀ bá rán pọ̀, ẹ kà á sí èyí tí ó ti já.

Ẹ̀kẹta: ẹ wo bóòtù tí ó dè é mọ́ ara ọkọ̀. Bí irin ibẹ̀ bá ti dípẹtà, onídùúró náà ti di gbèsè.

Ẹ̀kẹrin: ẹ mọ irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì itan nìkan tí a ń fa ìrù rẹ̀ kí ó fún, ó dára fún ọ̀pọ̀ àga tí ó ní okùn tirẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn àga Yúróòpù kan kò gbà á, nítorí náà ẹ ka ìwé àga. Bí ó bá jẹ́ bẹ́líìtì ejìká àti itan, ẹ rọra fà á jáde títí yóò fi tán, kí ẹ sì jẹ́ kí ó padà díẹ̀. Bí ó bá ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ó ti ń padà, tí kò sì jẹ́ kí a tún fà á jáde mọ́, ó ní ìdè. Bí ó bá ń jáde tí ó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kì í dúró àfi bí a bá já a gbà, kò ní ìdè. Irú èyí ni ó tú wa fó lọ́jọ́ ewúrẹ́.

Bí kò bá sí bẹ́líìtì lẹ́yìn, kò sí ibi tí a ó de àga mọ́. Àwọn ọkọ̀ kan ní ihò tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀ fún un; kí mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ bá yín de odidi bẹ́líìtì tí ó jẹ́ ti irú ọkọ̀ náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá lọ rà á ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Géètì n'Ìbàdàn, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tí ó ti ní jàǹbá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò tuntun sí páànù tàbí kí ó fi wẹ́dà jó irin mọ́ ọn.

BÍ A TI Ń DE ÀGA NÁÀ

1. Ìjókòó ẹ̀yìn ni kí àga wà. Àga tí ó kọjú sẹ́yìn kò gbọdọ̀ wà níwájú àpò afẹ́fẹ́ láé. Bí àpò náà bá bú jáde, orí ọmọ ni yóò lù.

2. Ọmọ tuntun títí di ọmọ ọdún méjì ó kéré tán, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ó kọjú sí. Bí ó bá ṣì wọ̀n lórí àga náà, kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ọmọ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Báyìí ni àga yóò fi gba orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ lápapọ̀. Kí àga náà fẹ̀yìn díẹ̀, kí orí ọmọ tuntun má baà wọ́ síwájú kí ó sì dí i lọ́nà èémí. Bí ìjókòó àtijọ́ bá rì, ọ̀pọ̀ ìwé àga gbà kí a ká aṣọ ìnura sí abẹ́ rẹ̀.

3. Ẹ ki bẹ́líìtì gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lára àga. Nínú ọ̀pọ̀ àga, àmì búlúù ni ti èyí tí ó kọjú sẹ́yìn, pupa ni ti èyí tí ó kọjú síwájú. Kí bẹ́líìtì má ṣe lọ́.

4. Ẹ fi orúnkún tàbí ọwọ́ tẹ àga mọ́lẹ̀ gan-an, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì títí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Bí ó bá ní ìdè, ẹ fà á jáde tán kí ó lè mú, kí ẹ tó jẹ́ kí ó ká padà.

5. Bí kò bá ní ìdè, ẹ wo ẹ̀yìn àga náà. Ọ̀pọ̀ àga Amẹ́ríkà máa ń ní irin pẹlẹbẹ kan tí ó dà bí lẹ́tà H. Nígbà tí bẹ́líìtì bá ti fún tán, ẹ fi ọwọ́ di apá ejìká àti apá itan pọ̀ ní ẹ̀bá ahọ́n rẹ̀. Ẹ tú ahọ́n náà láì jẹ́ kí ọwọ́ yín yẹ̀, ẹ fi irin náà há apá méjèèjì pọ̀ kí ó má jìnnà sí ahọ́n ju íǹṣì kan lọ, kí ẹ sì tún dè é padà. Àwọn àga kan, pàápàá ti Yúróòpù, ní ìdè tiwọn lára.

6. Ìdánwò: ẹ di àga mú ní ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ sì mì í sọ́tùn-ún, sósì, síwájú. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju íǹṣì kan lọ. Bí ó bá yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un dè.

7. Kí ẹ tó de ọmọ, ẹ bọ́ ẹ̀wù òtútù tàbí agbádá kúrò lára rẹ̀. Kí okùn àga fún tó bẹ́ẹ̀ tí ìka yín kò ní lè fún un pọ̀ ní ejìká. Bí ó bá ní ìdè àyà, kí ó bá abíyá ọmọ dọ́gba. Ní ọjọ́ oòrùn, ẹ fi ọwọ́ kan irin rẹ̀ kí ó má baà jó ọmọ.

Ní ti àga pẹlẹbẹ tí ó kàn ń gbé ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ sókè, bẹ́líìtì ejìká àti itan nìkan ni a lè lò ó mọ́. Ẹ má ṣe lò ó mọ́ bẹ́líìtì itan láé, nítorí ikùn ni yóò gé.

ÀGA TÒKÚNBỌ̀

Kò burú kí a ra àga àlòkù, ṣùgbọ́n kí a mọ ìtàn rẹ̀. Èyí tí ó ti wà nínú jàǹbá, ẹ jù ú nù, bí kò tilẹ̀ sán lójú. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é: ọ̀pọ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún 6 sí 10 lọ, nítorí ike máa ń gbó. Kí àmì wà lára rẹ̀: nọ́ńbà 213 fún ti Amẹ́ríkà, R44 tàbí R129 fún ti Yúróòpù. Èyí tí ẹni tí ń tà á kò lè sọ ibi tí ó ti wá, tí kò sì ní àmì, kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó fẹ́ yá owó tí kò ní orúkọ nínú ìwé.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Bí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó bá ń yẹ ìwé ọkọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ rà wò, kí wọ́n yẹ bẹ́líìtì ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú, kí owó àtúnṣe rẹ̀ sì wọ inú ẹ̀yáwó náà. Ẹgbẹ́ lè para pọ̀ ra àga tuntun lọ́pọ̀, kí owó rẹ̀ lè dín, kí ọmọ ẹgbẹ́ sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí àga bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́, kí akọ̀wé ní ìwé kan fún un: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹni tí ó lò ó, bóyá ó ti rí jàǹbá. Ìwé yìí, àwa alábẹ̀wò yóò fi tayọ̀tayọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ tí a wí yìí, a bẹ Màmá Akápò pé kí ó dúró díẹ̀. A gbé aṣọ ìjókòó ẹ̀yìn kúrò. Ẹnu bẹ́líìtì méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀, mímọ́ tónítóní. A fà á jáde tán, ó ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí ó ti ń padà, ó sì mú. Onídùúró wà nílé láti ọjọ́ yìí; a kò pè é ni. Kò gbà wá tó ìdajì wákàtí. Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mì àga náà, kò yẹ̀.

“Ọ̀gá alábẹ̀wò, ẹ ṣeun o. Mo ti ń gbé ọmọ yìí láti nǹkan bí oṣù márùn-ún.”

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọkọ̀ yín ńkọ́? Ẹ lọ fi ọwọ́ kan ti àga náà wò lónìí.