Ṣé ogun ojú oorun ni, àbí àìsàn Parkinson ló ń bọ̀?

Kí ọwọ́ ẹni tó ní àìsàn Parkinson tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oorun rẹ̀ lè ti dàrú láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tó ń gbé ní Kokomlemle, nílùú Accra, tí kò rí oorun sùn lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ariwo ọkọ̀ Circle tó wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ kọ́ ló ń mú bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ju ẹ̀ṣẹ́ lu ìyàwó rẹ̀ lójú oorun, kó já bọ́ láti orí ibùsùn, kó wá ní àwọn kan ló ń lé òun lójú àlá.

Nílé Yorùbá, ogun ojú oorun ni ọkàn máa kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ilé àdúrà ni wọ́n á sì gbà lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbàdúrà o, àmọ́ ó yẹ kí dókítà náà gbọ́ sí i.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ?

Bí èèyàn bá ń lá àlá, ọpọlọ máa ń so iṣan ara rọ̀ fúngbà díẹ̀, kí alálàá má baà dìde ṣe ohun tó ń rí. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ wà lára ibi tí Parkinson sábà máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́.

Ní 1986 ni Carlos Schenck, Mark Mahowald àtàwọn akẹgbẹ́ wọn ní Minnesota, Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìṣòro yìí. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2019, lórí èèyàn 1,280 tí àyẹ̀wò oorun ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ní in, ṣírò pé bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ni yóò ní Parkinson tàbí àìsàn tó jọ ọ́ láàárín ọdún 12.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá pariwo lójú oorun ló wà nínú ewu yìí. Ọtí àtàwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan lè fà á.

Àlá nìkan kọ́

Ẹni tí Parkinson ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ lè sùn láago mẹ́wàá alẹ́ kó jí láago méjì òru, kí oorun má sì wá mọ́. Ìtọ̀ á máa jí i. Ara lè le débi pé yíyí padà lórí ibùsùn á di iṣẹ́. Lọ́sàn-án, á máa tògbé, wọ́n á ní ó ti ya ọ̀lẹ. Àwọn oògùn Parkinson kan náà máa ń kun èèyàn lóorun lójijì, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí awakọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ.

Levodopa lè mú kí ara tó ń le lóru rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan gbà pé ó yẹ kéèyàn fi oògùn náà falẹ̀ kó má baà tètè ṣá. Roberto Cilia àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Italy àti Ghana wo aláìsàn 91 ní Ghana, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2014. Ní ìpíndọ́gba, ó lé ní ọdún mẹ́rin tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rí levodopa lò. Ìfalẹ̀ náà kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan.

Láti Circle, ọkọ̀ trotro ń lọ sí Korle Bu, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. Ẹni tó ń jà lójú oorun kì í sábà mọ̀, nítorí náà kí ìyàwó tàbí ọkọ bá a lọ. Kó fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lóru, kó kó ohun mímú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí wọ́n sì tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí dókítà yóò fi rí i.