Owó Ogbó Ará Ayétòrò: Òkun Ń Gbé E Lọ!

Nígbà tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, àpò kan ni gbogbo ìlú ń kówó sí. Apẹja kì í gbowó iṣẹ́. Ìlú ló ń bọ́ ọ, tó ń daṣọ bò ó, tàgbà tèwe. Kí 1970 tó dé, àpò ti tú, kálukú wá ń ṣe tirẹ̀. Ni ilé bá di owó ogbó. Ilé ọ̀hún sì nìyí, òkun ń gbé e mì!

Ní 2019, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì kalẹ̀ fún ọlọ́jà àtoníṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nígbà náà, ìyá ẹlẹ́ja Ìgbókọ̀dá tó bá dá 1,000 náírà, 400 ló ṣeé gbà bí bùkátà bá dé; 600 ń dúró de ogbó. Ọ̀wọ́n gógó ń jẹ náírà lóòótọ́, àmọ́ omi kò lè gbé ìyẹn.