Prow, Róbọ́ọ̀tì Aṣọ́nà, àti Àbójútó Àkójọ Ọ̀rọ̀ Èdè Abínibí

1.0 Ìfáàrà
Kíkó ọ̀rọ̀ jọ fún kíkọ́ èdè abínibí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí àwọn olùkọ́ láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ń ṣe é pọ̀, wọ́n lè pa á mọ́ sí GitHub, àká orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn aṣètò kọ̀ǹpútà ti ń lò láti ọdún 2008. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àyípadà yóò fi àbá ránṣẹ́. Ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ inú àká. Nígbà tí àbá bá di púpọ̀, mímọ ẹni tí ó ti ka èwo a di ìṣòro. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí róbọ́ọ̀tì Prow ṣe lè gbé ẹrù yìí, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

2.0 Bí Prow ṣe ń ṣiṣẹ́
Àwọn tí ó ń kọ Kubernetes ni wọ́n ṣe Prow fún ìlò ara wọn. Google ni ó gbé Kubernetes jáde ní ọdún 2014. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì ni atukọ̀. Prow, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni iwájú ọkọ̀ ojú omi.

Ètò kọ̀ǹpútà ni Prow, kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ń jẹ́ hook ni oníbodè. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ nínú àká, GitHub yóò ránṣẹ́ sí hook, hook yóò sì pín iṣẹ́ náà fún àwọn àfikún. Àfikún kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí olùyẹ̀wò bá kọ /lgtm sí abẹ́ àbá, àfikún lgtm yóò lẹ àmì mọ́ ọn pé ẹnì kan ti kà á, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí ó mú àbá wá kò lè ṣe èyí fún ara rẹ̀. Bí ó bá sì tún fi ohun mìíràn kún àbá náà, àmì yẹn yóò kúrò. Àṣẹ /approve ni ìfọwọ́sí. /Hold ni ìdádúró. Nígbà tí àmì bá pé, ẹ̀yà tí ń jẹ́ tide yóò da àbá náà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀.

3.0 Gbígbé e kalẹ̀
Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó ṣe kókó:

(i) Wíwá ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tí Kubernetes ń darí, tí GitHub lè kàn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbàkigbà.

(ii) Fífi orúkọ róbọ́ọ̀tì sílẹ̀ lọ́dọ̀ GitHub, kí a sì fún un láṣẹ lórí àwọn àká tí yóò bójú tó nìkan.

(iii) Ṣíṣe ọ̀rọ̀ àṣírí tí GitHub àti hook nìkan mọ̀. Iṣẹ́ tí kò bá gbé àmì ọ̀rọ̀ yìí wá, hook kò ní gbà á. Láìsí i, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ GitHub rán iṣẹ́ èké. A kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àká tí gbogbo ayé ń rí.

(iv) Títo lgtm, approve àti hold sí abẹ́ orúkọ àká nínú fáìlì plugins.yaml, kí a sì fi àbá kan dán wọn wò.

4.0 Fáìlì OWNERS: ta ni ó ní àṣẹ?
Fáìlì OWNERS ni ó ń sọ fún Prow àwọn tí ó lè yẹ iṣẹ́ wò àti àwọn tí ó lè fọwọ́ sí i. Abala Ìgbò, abala Haúsá àti abala Yorùbá lè ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí orúkọ wọn wà nínú OWNERS òkè pátápátá ní àṣẹ lórí gbogbo abala ìsàlẹ̀, àfi bí a bá kọ no_parent_owners: true sí abala náà. Bí a bá gbàgbé èyí, ẹni tí kò gbọ́ Ìgbò lè fọwọ́ sí ibi tí ákwá, ẹkún, ti gba ipò àkwá, ẹyin. Ẹni tí kò gbọ́ Haúsá kò ní fura bí ƙasa, ilẹ̀, bá di kasa, tí ó jẹ́ kíkùnà.

Ẹ̀rọ lè rí lẹ́tà tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, ohùn àárín kì í sábà gba àmì. Nítorí náà, "igba" tí kò ní àmì kankan lè tọ̀nà, bí ó bá jẹ́ iye, 200. Ó sì lè jẹ́ igbá tàbí ìgbà tí àmì rẹ̀ ti bọ́. Kò sí èyí tí ó lè sọ ìyàtọ̀ nínú àfikún mẹ́ta òkè yìí. Ẹni tí ó ka gbólóhùn náà tí ó sì gbọ́ èdè ni ó lè sọ ọ́.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Prow kì í gbàgbé àbá tí a kò tíì kà, kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ sí ni ó ń gbà wọlé, ìbáà kún fún àṣìṣe. Fún olùkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìtọ́jú rẹ̀ lè wúwo ju ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Àdéhùn pé ẹnìkan yóò máa ka iṣẹ́ ẹnìkejì tó fún wọn. Ẹgbẹ́ ńlá tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó fẹnu kò lórí orúkọ tí yóò wọ OWNERS, kí wọ́n tó tan àfikún kan ṣoṣo. Ohun tí ó bá wọ inú àká lónìí ni ọmọ yóò kà ní kíláàsì lọ́la.