Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ni ihò dúdú tó wà láàárín gálásì ń jẹ?

Ẹ̀yin èèyàn Ọ̀wọ̀, ṣé gbogbo nǹkan ni ihò dúdú ń fà mì? Rárá o.

1. Gáàsì ló ń jẹ jù. Kì í já wọlé tààrà. Ńṣe ló ń yí ihò náà ká, tí ó ń fara ra ara bí àtẹ́lẹwọ́ wa nígbà ọyẹ́, títí yóò fi gbóná, tí yóò máa tàn ju gbogbo ìràwọ̀ gálásì náà lọ nígbà mìíràn. Bí agbára yíyí rẹ̀ bá ti ń dínkù ló ń wọlé.

2. Ìràwọ̀ tó bá sún mọ́ ihò náà jù, ihò náà yóò fà á ya.

3. Ebi ń pa ihò dúdú àárín gálásì tiwa, Sagittarius A*, tó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 4. Gáàsì tí ìràwọ̀ ńláńlá ìtòsí ń fẹ́ jáde ló ń jẹ, díẹ̀ ló sì ń wọlé. Ọdún 2022 ni àwòrán rẹ̀ jáde.

Lápá ìparí oṣù kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ wo gúúsù láti Ọ̀wọ̀: ọ̀hún ni Sagittarius A* wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pín in fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́!